Ìbọn ìléwọ́ ńlá fún agolo àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó: Ruger, Colt, Freedom Arms tàbí BFR?

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa tó ń gbé Texas máa ń bi mí bí a bá jọ ń ti pápá ìyìnbọn bọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan tí màá fi máa yin agolo lọ́jọ́ Sátidé, tí màá tún lè gbé lọ sóko ọdẹ. Èwo ni kí n rà?" Ìdáhùn mi kì í yí padà: Ruger Super Blackhawk tó ń gba ọta .44 Magnum. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ò dọ́gba, àpò náà ò dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí kálukú lè mú èyí tó bá a lára mu.

Single action ni wọ́n ń pe irú àwọn ìbọn yìí. Àtàǹpàkò lẹ máa fi gbé òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí ẹ tó fi ìka fa irin tí a fi ń yìn ín. Bí ẹ ò bá gbé e, ẹ lè fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dún. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ máa ki kátíríìjì, ìyẹn odindi ọta pẹ̀lú ẹ̀tù rẹ̀, bọ sílíńdà, irin róbótó oníhò tó ń yí, láti ẹ̀gbẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà lẹ máa ti òfìfo rẹ̀ jáde. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi ṣọ́ ilé, kó wá nǹkan mìíràn. Fún ọdẹ, ìfarabalẹ̀ yẹn lérè. Ọdẹ ilé wa tó gbé ṣakabùlà wọgbó mọ̀ pé ẹyọ kan ló wà lẹ́nu ìbọn òun, kì í yìn ín títí ẹran á fi dúró síbi tó fẹ́. Sùúrù yẹn gan-an ni ìbọn yìí ń kọ́ni.

Ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ojú ra ìbọn, wọ́n á wá padà wá bá ọta fínra. Ìparí ọdún 1955 ni Remington àti Smith & Wesson gbé .44 Magnum jáde, lẹ́yìn tí Elmer Keith, ọdẹ àti òǹkọ̀wé, ti ń rọ̀ wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọta rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jẹ́ 240 grain, nǹkan bíi gíráàmù 15.6, ó sì ń jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,350 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ò lè dúró dè é bí ẹ bá yìn ín síbi tó yẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju agbára lọ ni pé ìbọn .44 Magnum ń gba .44 Special láìsí ìyọnu. Special ń rìn ní nǹkan bí 750, ìtàpá rẹ̀ ò sì dun ọwọ́. Ìbọn kan ṣoṣo, ó di méjì. Ẹ kàn rí i pé ẹ fọ inú sílíńdà dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá yin Special púpọ̀, nítorí kátíríìjì rẹ̀ kúrú, ó ń fi òrùka ìdọ̀tí sílẹ̀ níbi tí Magnum máa dé.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìbọn .44 tí mo kọ́kọ́ yìn, ṣe ni mo yá a ní pápá kan. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ki Magnum tó gbóná jù lọ bọ inú rẹ̀, kò sì kìlọ̀ fún mi. Ìka àárín mi wú. Ìyẹn ṣì kéré. Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ojú mi máa ń pa dé kí ìbọn tó dún, ọwọ́ mi a sì fà á wálẹ̀. Bí ẹ bá fura pé ẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ki kátíríìjì mẹ́ta pẹ̀lú òfìfo mẹ́ta, kí ẹlòmíràn bá yín yí sílíńdà kí ẹ má baà mọ èyí tó kàn. Bí ìbọn bá mì nígbà tó kan òfìfo, ọwọ́ yín ló ń bẹ̀rù. Special ló wò mí sàn.

.45 Colt dàgbà jù, ọdún 1873 ni wọ́n ti gbé e jáde. Ọta 250 grain tó ń rìn ní nǹkan bí 860 rọ̀ lọ́wọ́, ó dùn láti fi yin agolo. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ níbí yìí. Wọ́n ń ta .45 Colt tó lágbára gan-an, tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé Ruger tàbí irú ìbọn tó lágbára bẹ́ẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá ki í bọ ìbọn Colt tàbí ẹ̀dà rẹ̀ lè fọ́ sílíńdà sí ara rẹ̀ lójú. Ìwọ̀n kan náà ni, yóò wọlé wẹ́kú, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà.

.454 Casull ni .45 Colt tí wọ́n fà gùn. Ìbọn rẹ̀ ń gba .45 Colt, ṣùgbọ́n .454 kò lè wọ ìbọn .45 Colt. Ọta 260 grain rẹ̀ lè rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,800. Ẹni tó ń lọ dojú kọ béárì ní Alaska lè nílò rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó Texas ò béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ìbọn | Ọta | Iye tó ń gbà | Ìwúwo, ó lé díẹ̀ tàbí ó dín |
|---|---|---|---|
| Ruger Super Blackhawk, íńṣì 7.5 | .44 Magnum | 6 | kílò 1.4 |
| Ruger Blackhawk | .45 Colt | 6 | kílò 1.1 |
| Colt Single Action Army | .45 Colt | 6, ẹ ki 5 | kílò 1.1 |
| Freedom Arms Model 83 | .454 Casull | 5 | kílò 1.5 |
| Magnum Research BFR | .45-70 | 5 | kílò 2 |

Ọdún 1959 ni Ruger gbé Super Blackhawk jáde. Irin rẹ̀ nípọn, ohun ìfojúsùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé yí sókè sódò, kò sì ní gbó kí ọmọ yín tó jogún rẹ̀. Àléébù kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: èyí tí irin ààbò ìka rẹ̀ ṣe igun mẹ́rin máa ń gbá eegun ìka àárín bí ọta líle bá dún. Ọwọ́ tó tóbi ló ń jìyà rẹ̀ jù. Wọ́n ń ṣe èyí tí irin náà rí róbótó, wọ́n sì tún ń ṣe èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ Bisley, tó gùn tó sì dúró gangan. Èèkù ti àtijọ́ ń jẹ́ kí ìbọn yí sókè nínú àtẹ́lẹwọ́. Bisley ń tì í tààrà sẹ́yìn. Àwọn kan kórìíra rẹ̀. Ní tèmi, mi ò tún fẹ́ òmíràn fún ọta tó wúwo.

Bí oko ọdẹ bá jẹ yín lógún ju agolo lọ, Super Blackhawk Hunter ni kí ẹ béèrè. Wọ́n ti gbẹ́ ojú orí rẹ̀ sílẹ̀ fún awò ìfojúsùn, òrùka tí yóò di awò náà mú sì ń bá a wá. Ojú tó ti pé àádọ́ta ọdún á mọ rírì rẹ̀.

Blackhawk .45 Colt ni mo fi ṣe ìkejì. Wọ́n ń ta oríṣi kan tó ní sílíńdà méjì, ọ̀kan fún .45 Colt, èkejì fún .45 ACP. Ẹni tí ó jẹ́ pé agolo ni ìdá mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá eré rẹ̀, èyí lè sàn fún un ju .44 lọ.

Colt rẹwà. Òun ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1873, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, èyí tó túmọ̀ sí pé bí òòlù rẹ̀ bá sùn lé kátíríìjì, tí ìbọn sì já bọ́, ó lè dún. Nítorí náà márùn-ún ni kí ẹ máa ki, kí òòlù sùn lé ihò òfìfo. Ohun ìfojúsùn rẹ̀ kò ṣeé yí. Owó tí wọ́n ń béèrè pọ̀, orúkọ ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò ní gbé e lọ dẹ ẹran.

Freedom Arms, ará Wyoming, ni iṣẹ́ ọwọ́ tó dán jù nínú gbogbo wọn. Sílíńdà rẹ̀ kì í mì rárá bí ẹ bá gbé òòlù, ó sì ń ba ibi tí wọ́n fojú sùn bí ìbọn gígùn. Ṣùgbọ́n owó ọ̀kan tó Super Blackhawk méjì, ṣẹ́ńjì á tún kù. BFR tiẹ̀ ń gba .45-70, ọta ìbọn gígùn. Ó wúwo lápò, mi ò sì rí ìdí tí olùbẹ̀rẹ̀ yóò fi rà á.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Ruger náà. Bí ẹ bá rí orí síkúrù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1973 ni, ó sì ní ewu kan náà pẹ̀lú Colt. Píìnì méjì ni tuntun ní, irin pẹlẹbẹ kan sì wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òòlù kan kátíríìjì àfi bí ẹ bá fà á. Ruger máa ń bá èèyàn yí ti àtijọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin, àti inú oko

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò lè ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní láìsẹ́ńsì. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù 4473, fọ́ọ̀mù ìjọba fún ẹni tó ń ra ìbọn. Irọ́ lórí rẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Oní-green card lè rà. Oní-físà ìgbà díẹ̀, bíi ti ọmọ ilé-ìwé tàbí àlejò, òfin dí i lọ́wọ́ àyàfi bó bá wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láìsẹ́ńsì ọdẹ tí kò tíì kọjá àkókò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láti gbé e lọ sílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 to rìfọ́fà, irú ìbọn onísílíńdà yìí gan-an, mọ́ ohun ìjà tí a kà léèwọ̀.

Ní Texas, láti oṣù Kẹsàn-án 2019, ẹni tí onílẹ̀ bá fún láàyè kò nílò láìsẹ́ńsì ọdẹ láti pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ àdáni. Àgbọ̀nrín ní àsìkò àti láìsẹ́ńsì tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ mìíràn, òfin mìíràn.

Yáàdì 50 ni ààlà tèmi. Bí ẹ ò bá tíì lè fi ọta márùn-ún ba abọ́ oúnjẹ kan níbẹ̀, ní ìdúró, ẹ sún mọ́ ẹran síi tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ kó lọ. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ ní awọ tó yi bí apata ní èjìká, ọkàn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, ó sún mọ́ iwájú. Ẹ dí etí, ẹ wọ awò ojú, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì dé iwájú sílíńdà láé. Iná ń jáde ní àlàfo ibẹ̀ tó lè gé ìka.

Nígbà tí ẹ bá lọ sanwó, ẹ ra páálí .44 Special mẹ́ta mọ́ ọn, àti Magnum ẹyọ kan. Ẹ gbé Magnum náà pamọ́ títí àwọn mẹ́ta yẹn á fi tán.