SuperCollider, Pure Data àbí Max: èwo lẹ fẹ́ fi máa gbọ́ dátà tí ò dúró sójú kan?

Áàpù tí wọ́n fi ń ṣe ìró lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé ẹ ti ka ìpolówó wọn tán, irú ohun èlò orin tó wà nínú ẹ̀, bó ṣe rẹwà tó, mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ẹni tó fẹ́ sọ dátà di ìró, tí dátà yẹn sì ń yí padà bó ṣe ń gbọ́ ọ lọ́wọ́, tó tún fẹ́ máa fọwọ́ tún un ṣe láì dá a dúró, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. SuperCollider ni mò ń lò báyìí, mo ti lo Pure Data dáadáa, mo sanwó Max nígbà kan, mo sì ra áàpù olówó gọbọi kan tí mi ò ní dárúkọ, owó ẹ̀ ṣì ń dùn mí dòní.

Tí dátà yín bá ti parí, tó jẹ́ fáìlì nọ́ńbà lásán tí ò ní yí padà mọ́, ẹ má ra nǹkan kan jàre. TwoTone wà nínú bùráúsà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé fáìlì yín sí i, ó tán.

Ibi tí owó ti lè bọ́ sómi ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: nọ́ńbà wo ló máa dún báwo, ta ló sì láṣẹ láti yí i. Áàpù mi yẹn máa ń wo nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù nínú ohun tó ti wọlé, á fún kékeré ní ohùn ìsàlẹ̀, á fún ńlá ní ohùn òkè, á wá pín ìyókù sáàárín. Ó dáa bẹ́ẹ̀ títí nǹkan á fi yí. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ìgbóná ló ń fún un ní nọ́ńbà, ó ń rìn láàárín 20 sí 30, 30 ń ké tín-ín-rín lókè, etí yín ti mọ̀ ọ́n. Sẹ́ńsọ̀ wá ṣì lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé 80 wá. Láti ìgbà yẹn lọ, 30 ti bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìyàtọ̀ 22 sí 28 tó ń gba ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá gbogbo ohùn tẹ́lẹ̀ ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ ò sì ní mọ̀, ẹ máa rò pé ilé ló tutù. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é pé ibo ni mo ti lè pa ìwọ̀n tó ń yí ara ẹ̀ padà yìí, wọ́n ní kò ṣeé pa, àṣé òun gan-an ni wọ́n fi ń polówó, pé áàpù àwọn "ń dá ronú".

Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka aláìsàn ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ohùn ẹ̀ náà á máa lọ sílẹ̀, dókítà lè gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀ láì wojú ẹ̀rọ, torí nọ́ńbà kan náà, ohùn kan náà ni, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an nìyẹn.

Nínú SuperCollider, ẹ kọ `linexp(20, 40, 200, 800)`, 20 di 200 Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), 40 di 800, ohun tó bá kọjá 40 á dúró sí 800, kò ní ba ohùn àwọn nọ́ńbà yòókù jẹ́. `scale` ti Max náà ń ṣe é, àmọ́ kì í dá nọ́ńbà tó bá kọjá ààlà dúró, ẹ fi `clip` tì í. Pure Data ń fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín, kò le.

Ìró tó ń ta pàù pàù bí nọ́ńbà bá fò: `lag` ló ń mú un rọra yí ní SuperCollider, `line~` nínú àwọn méjèèjì tó kù. MIDI, ọ̀nà tí àwọn ohun èlò orin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀: ìpele 128 péré ló sábà máa ń ní, dátà tó bá fẹ́lẹ́ á fọ́ mọ́ra, OSC, ọ̀nà míì tí áàpù fi ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ síra wọn, ni kẹ́ ẹ bèèrè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ Linux ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, Max ò sí níbẹ̀.

Ká sòótọ́, Max ló rọrùn jù láti fọwọ́ yí, bọ́tìnì àti ọ̀pá tí wọ́n ń fà (slider) wà lójú kedere, ìrànlọ́wọ́ inú ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Miller Puckette tó bẹ̀rẹ̀ Max ló tún ṣe Pure Data, nítorí náà ẹni tó bá mọ ọ̀kan, èkejì ò ní ṣàjèjì sí i, ọ̀fẹ́ sì ni Pure Data. SuperCollider ń fẹ́ sùúrù níbẹ̀rẹ̀, kóòdù ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù yẹn náà ni ẹni tí ò ríran lè fi ẹ̀rọ akàwé gbọ́, àpótí àti okùn tí wọ́n ń fà kiri lójú kọ̀ǹpútà nínú àwọn méjì tó kù á sì kọ́kọ́ dá a lágara, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ò ríran wà lára àwọn tó nílò nǹkan yìí jù. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀rọ tó ń dún nínú SuperCollider yàtọ̀ sí èdè tẹ́ ẹ fi ń pàṣẹ fún un, kóòdù tẹ́ ẹ bá fi Python kọ lè bá a sọ̀rọ̀ tààrà ní ẹnu ọ̀nà (port) 57110, ẹ ń yí ìwọ̀n padà, ìró ò dákẹ́.

Towó bá wà tẹ́ ẹ sì kórìíra kóòdù, ẹ gba Max, ẹ kọ́kọ́ lo ẹ̀dà ìdánwò ẹ̀ ná. Tí ò bá sówó, Pure Data. Èmi ò tíì rí ohun tí Max ń fi dátà ṣe tí SuperCollider ò ṣe, ọ̀fẹ́ sì lòun náà.