Lẹ́sìn practical tọ́mọ mi ń lọ ní Ajílósùn, ẹ jẹ́ n ròyìn ẹ̀ fún yín

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà l'Ádò-Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, ó fẹ́ràn Kẹ́mísìrì gan-an, àmọ́ tó bá ti di pé kó kọ rípọ́ọ̀tù practical báyìí, máàkì ẹ̀ á já wálẹ̀ ni, mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Aṣọ lèmi ń tà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ibi tí mo kọ́kọ́ mú un lọ, ilé ìtẹ̀wé kan ni, wọ́n láwọn ní rípọ́ọ̀tù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, ó kàn máa dà á kọ ni. Mo sanwó. Àṣé ohun tí wọ́n tà fún un náà ni wọ́n tà fáwọn ọmọ mẹ́rin míì ní kíláàsì ẹ̀, 25.00, 25.00, 25.00 ló wà nínú ìwé gbogbo wọn, òdo ni tísà fún wọn. Ọmọ yẹn sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì dùn mí dọ́kàn torí èmi ni mo mú un lọ síbẹ̀. Àwa Èkìtì tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ọ̀mọ̀wé, kò yẹ kọ́mọ wa máa ra rípọ́ọ̀tù rárá.

Ìyá kan tá a jọ ń tajà lọ́jà Ọba ló wá júwe lẹ́sìn yìí fún mi. Sátidé àkọ́kọ́, mo jókòó tì wọ́n. Bọ̀dá tísà ò fún wọn ní nóòtì kankan. Wọ́n gbé burette dúró, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tó ní nọ́ńbà lára, tí wọ́n fi ń da ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú alikálì tó wà nínú ìgò, kí wọ́n lè mọ iye ásíìdì tó máa pa agbára alikálì yẹn, wọ́n fi bébà funfun sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní kọ́mọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú ẹ̀ á fi bá ojú omi inú ẹ̀ dọ́gba, torí tójú bá ga jù tàbí tó bá wà nísàlẹ̀ jù, nọ́ńbà á yí. Omi inú ẹ̀ kì í rí pẹrẹsẹ, ó máa ń tẹ̀ wọnú láàárín, ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ yẹn ni kó kà.

"Kí lo rí?"

"24.3, sà."

"Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lẹ́yìn póíǹtì. Kọ 24.30."

Wọ́n tún un ṣe, èkejì jẹ́ 24.20, ẹ̀kẹta náà 24.20. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ṣáájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jẹ́ 24.80, wọ́n ní kó kọ ọ́ sínú tébù àmọ́ kó má kà á mọ́ ọn tó bá fẹ́ wá àfirejì. Ó ṣe é, ó rí 24.23. Ọmọ mi wò mí, ó ní "Mọ́mì, èmi ni mo rí i fúnra mi o."

Ohun tó wú mi jù ni pé wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí wọ́n tó gbé bírò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń da ìlànà inú ìwé kọ bó ṣe wà, "Rinse the burette", bí ẹni ń pàṣẹ fún ẹni tó fẹ́ máàkì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni rípọ́ọ̀tù, "The burette was rinsed" ló yẹ kó jẹ́. Wọ́n á tún bi wọ́n pé kí ló dé. Kí ló dé tá a fi ásíìdì ṣan burette, àmọ́ tó jẹ́ omi lásán la fi ń ṣan ìgò tá a máa da alikálì sí? Torí tá a bá fi alikálì ṣan ìgò yẹn, díẹ̀ á kù síbẹ̀, ásíìdì tá a máa lò á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n sì sọ fún wa pé ní Wáẹ́ẹ̀kì, ohun tí tísà iléèwé ọmọ bá rí lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa fi wé tiẹ̀, torí náà nọ́ńbà tó rà níta ò lè gbà á.

Àléébù ẹ̀ náà wà o. Yàrá yẹn kéré, ooru pọ̀ níbẹ̀, burette méjì péré fún ọmọ méjìlá, ọ̀kan sì ń jò lẹ́nu. Físíìsì wọn dáa, àmọ́ yíya àwòrán Bàọ́lọ́jì, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn, mo ṣì ń wá ẹlòmíì fún ìyẹn.

Rípọ́ọ̀tù tó kọ kẹ́yìn, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló gbà. Méjì tó lọ, ó mọ ibi tó gbà lọ, kò kọ cm³, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn iye omi, sórí tébù ẹ̀. ₦5,000 ni mò ń san lóṣù, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ẹ jẹ́ kọ́mọ yín tètè dé ṣá, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí burette tí ò jò mú.