Rohr tí wọ́n lé, Finidi tó kọ̀wé fipò sílẹ̀: èwo ló dùn wá jù?

Nínú kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Ife Àgbáyé, àti kí òun fúnra rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀nà, ti àkọ́kọ́ ló dùn mí jù.

Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, lé Gernot Rohr. Lóòótọ́, Central African Republic nà wá 1–0 l'Ékòó, ọ̀mì la sì gbá pẹ̀lú Cape Verde, àmọ́ Super Eagles ló ṣáájú ìsọ̀rí wa nínú ìdíje láti wọ Ife Àgbáyé 2022. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ló kù! Wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lé Augustine Eguavoen lọ́wọ́ láti kojú Gánà: 0–0 ní Kumasi, 1–1 l'Ábújá. Góòlù tí Thomas Partey gbá wọlé ní kùtùkùtù ló gbé Gánà lọ sí Qatar, torí pé góòlù àlejò ni: bí àpapọ̀ góòlù bá dọ́gba, ẹni tó gbá góòlù jù nílé ẹlòmíràn ló borí.

Ti Finidi George kò pẹ́ rárá. Ó gbaṣẹ́ ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Nínú ìdíje láti wọ Ife Àgbáyé 2026, ọ̀mì 1–1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo, lẹ́yìn náà ni Abidjan: Onyedika kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wa, àmọ́ kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, Dossou àti Mounié ti dá a padà fún Benin Republic, 2–1. Rohr yìí kan náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru Finidi o. Kó tó dé la ti gbá ọ̀mì pẹ̀lú Lesotho àti Zimbabwe lábẹ́ José Peseiro.