Páálí písítìn olówó pọ́ọ́kú tí mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà mi ṣe

Ọ̀kadà mi kì í ṣe ńlá: 125cc, sílíńdà kan ṣoṣo, atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Lọ́jọ́ tó dẹnu kọlẹ̀, ó kọ́kọ́ ń dún kò-kò-kò nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi òòlù kékeré kan irin. Kí n tó pa á, ó ti gan pa. Mo tẹ kíìkì títí, kò mì rárá.

Owó ẹ́ńjìnnì tuntun kò sí lọ́wọ́ mi. Ni mo bá ra páálí kan tí kì í ṣe ojúlówó: sílíńdà, písítìn àti pín-ìnnì rẹ̀, ríńgì tó ń yí písítìn ká, kílíìpù méjì tó ń di pín-ìnnì mú, gásíkẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹfà rèé tí mo ti ń gùn ún.

Díẹ̀ ló kù kí n fi owó náà ṣòfò. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé òkè ẹ́ńjìnnì nìkan ló bàjẹ́, kí n pààrọ̀ písítìn kí n máa lọ. Lóòótọ́, písítìn ti ha yánnayànna. Àmọ́ nígbà tí mo di kóńróòdù mú, ìyẹn irin tó so písítìn mọ́ kíránkì tó ń yí nísàlẹ̀, tí mo gbé e sókè tí mo tún tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó ń dún tí-tí lọ́wọ́ mi. Ó lè mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn kò burú. Bó bá ti ń mì sókè sódò, bàríńgì ìdí rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. A tú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, a bá asẹ́ ọ́ìlì tí eruku irin ti dí, ó ń dán yinrinyinrin bí iyanrìn nínú oòrùn. Ọ́ìlì ò rọ́nà gòkè. Ká ní mo gbé písítìn tuntun lé e bẹ́ẹ̀, eruku yẹn náà ni ì bá tún ha á.

Mo ra kíránkì tí wọ́n ti de kóńróòdù àti bàríńgì mọ́ tẹ́lẹ̀. Títú ti àtijọ́ palẹ̀ kí a sì tò ó padà kó gún régé gba ẹ̀rọ ìtẹrin àti aago ìwọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù ṣe é fún yín. Lẹ́yìn náà mo fi kẹrosíìnì fọ gbogbo inú ẹ́ńjìnnì, mo sì fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ihò tí ọ́ìlì ń gbà.

Ó wá ku páálí náà fúnra rẹ̀. Sílíńdà àti písítìn dára. Mo ti ríńgì kọ̀ọ̀kan sínú sílíńdà, mo fi orí písítìn tì í kó tẹ́jú, mo sì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀: 0.20 mm àti 0.25 mm, kò sì kọjá ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà gbà láàyè. Kílíìpù ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò. Mo fi pílíásì tẹ ọ̀kan, ó tẹ̀, kò padà sípò. Bí irú rẹ̀ bá fò jáde lẹ́nu iṣẹ́, yóò gbẹ́ ògiri sílíńdà, iṣẹ́ tán nìyẹn. Ojúlówó ni mo rà dípò rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sílíńdà náà ń làágùn ọ́ìlì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èmi náà sì tún un tú.

Mo rọra gùn ún fún 500 km, n kò fún un ní iná tó pọ̀. Ọ́ìlì tí mo dà nù ní 50 km ṣì ń dán díẹ̀. Ti 500 km mọ́. Ní báyìí kò rú èéfín, ọ́ìlì rẹ̀ kì í fà. Láàárọ̀ tó bá tutù, písítìn máa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dákẹ́, ojúlówó kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Màá tún sílíńdà àti písítìn yẹn rà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ti òkè nìkan, tí kóńróòdù rẹ̀ sì ń mì, kó dúró kó kówó jọ ná. Asẹ́ ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ ń yọ wò báyìí nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Èyí tí mo yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ́ tónítóní.