Sítúdíò àbí òde àríyá?

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ orin ìbílẹ̀, tówó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, èwo ni kó kọ́kọ́ dì mú? Sítúdíò dára: orin á wà lórí fóònù, ará òkè òkun á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò ní rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lóde, bó bá ki ìyá kan bó ṣe yẹ, á rí i tí ìyá náà á tún gèlè ṣe, á dìde, á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹsẹ orin tí kò bá wọlé, ojú èrò á sọ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà ti Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1948, kò tà; òde àríyá ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Òde ni mo fara mọ́. Owó tó bá pa níbẹ̀ ni kó fi san ti sítúdíò.