Onílé tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ayálégbé: ilé tí mò ń gbé ní Challenge, Ìbàdàn

Mi ò kì í yin onílé o, kẹ́ ẹ mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń yálé kiri Ìbàdàn yìí, ojú mi ti rí màbo. Níbi tí mo gbé kẹ́yìn, wọ́n fún wa ní kàlẹ́ńdà lọ́dún kan, fọ́tò bàbá onílé gàdàgbà lórí ẹ̀, inú mi ti ń dùn kí n tó rí lẹ́tà tí wọ́n ká sínú ẹ̀, pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, owó ilé ti fi ìdajì lé. Kàlẹ́ńdà yẹn, mo fi bo ìwé ọmọ mi ni.

Ibi tí mo wà báyìí yàtọ̀. Fúláàtì mẹ́fà ni, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ni ín. Gbogbo December, màmá á wá fúnra wọn, wọn ò ní rán caretaker, wọ́n á máa kanlẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ dókè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, kóńgò ìrẹsì mẹ́ta, òróró ike kan, àti bébà pélébé tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ìrẹsì dáa o, mi ò ní parọ́, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan báyìí. Ṣùgbọ́n inú bébà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tèmi lọ́dún àkọ́kọ́: "Ìyá Tọ́mi, o ṣé tí o máa ń gbá ẹnu géètì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ọ́." Háà! Mi ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń rí mi, torí aago mẹ́fà ìdájí ni mo máa ń gbá a kí n tó lọ sọ́jà, àṣé màmá máa ń bi caretaker léèrè wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ̀bọ́ tó wà lókè, wọ́n kí i pé ó máa ń dìde lóru lọ pa pọ́ńpù kí omi táńkì má bàa ṣòfò. Kò sí bébà méjì tó jọra, mo ti yẹ tàwọn ará ilé wò, amebo ni mí.

Owó ń kọ́? Lọ́dún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí bẹntiróòlù ti bíi 190 fò kọjá 500 náírà, a ti ń retí lẹ́tà. Màmá pe mítìn-ìn, wọ́n ní owó ilé dúró bó ṣe wà lọ́dún yẹn, ká kàn jọ dá owó epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi. Wọ́n sì ń ṣírò ẹ̀ fún wa lórí WhatsApp lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú rìsíìtì. Òfin ilé yíyá Èkó ti 2011 ló ní kí onílé ṣírò irú owó bẹ́ẹ̀ fún ayálégbé, ó kéré tán lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, Ìbàdàn la sì wà o! Nígbà tí Ìyá Ìbejì kó lọ, owó caution, ìyẹn owó tí à ń san sílẹ̀ torí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, tí gbogbo wa máa ń kà sí ohun tó ti wọgbó yẹn, wọ́n dá a padà, owó nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kan péré ni wọ́n yọ, wọ́n tún gbàdúrà fún un lẹ́nu mọ́tò.

Àléébù wà ṣá. Géètì yẹn ti ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù láti bí oṣù mẹ́jọ, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé, omi kànga á pọ́n bíi zobo, tẹ́ ẹ bá sì sá aṣọ síwájú ilé, ẹ ó gbọ́ wàásù, tíṣà ni wọ́n kúkú. Mo fún wọn ní 4 nínú 5, géètì ló jẹ ìkan tó kù. Kẹ́ ẹ tó bi mí, fúláàtì Ìyá Ìbejì ti lọ, àbúrò bọ̀bọ́ òkè ti san.