Asẹ́ Omi Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà fún Paria Canyon?

Ẹni tó bá rí ìwé àṣẹ gbà láti sùn nínú Paria Canyon ti ṣe bẹbẹ, torí èèyàn 20 péré ni àjọ BLM, tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba níbẹ̀, ń gbà láyè lójúmọ́. Aṣálẹ̀ ni, ní ààlà Utah àti Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà: ògiri àpáta lọ́tùn-ún lósì, odò kékeré láàárín, ìrìn nǹkan bíi máìlì 38 láti ibi tí wọ́n ń pè ní White House (kì í ṣe ilé ààrẹ o), níbi tí ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀, dé Lees Ferry, níbi tó ti ń parí. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń gbà. Bàtà àti àgọ́, ẹnikẹ́ni ló lè bá yín yàn wọ́n. Irinṣẹ́ omi ni owó ti ń ṣòfò jù, torí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kì í sábà kan irú omi tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀.

Kòkòrò àrùn ni páálí máa ń sọ. Ẹrẹ̀ ni wàhálà Paria. Omi odò náà rí bí omi tí bíríkìlà fi ṣan ṣọ́bìrì. Oko àti màlúù tún wà lókè odò, ní agbègbè Cannonville. Omi ìsun dára jù ú lọ fíìfíì, àmọ́ ó di nǹkan bíi máìlì 22 kẹ́ ẹ tó kan Big Spring. Lítà 4 lójúmọ́ fún ẹnì kan kò sì pọ̀ jù nínú oòrùn yẹn.

Asẹ́ kéékèèké méjì, Sawyer Squeeze àti Katadyn BeFree, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò. Ihò inú méjèèjì kò ju máíkírọ́ọ̀nù 0.1 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), wọ́n ń dá bakitéríà dúró, wọn kì í dá fáírọ́ọ̀sì dúró. Nínú omi tó mọ́, BeFree yára jù, ó sì rọrùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹrẹ̀ bá dí i, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n nínú omi nìkan lẹ lè ṣe. Síríǹjì ni wọ́n fi ń ti omi padà gba inú Sawyer, ẹrẹ̀ á sì tú jáde. Nítorí síríǹjì yẹn nìkan, Sawyer ni mo fara mọ́ fún Paria. Kò wúwo, owó rẹ̀ kò sì ga. Tí òtútù bá mú un tó dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ò sì ní rí i lójú. Lóṣù kẹta tàbí ìkọkànlá, inú àpò ìsùn yín ni kó sùn.

Grayl GeoPress, ìgò tí wọ́n ń tẹ̀ kí omi lè gba inú asẹ́ rẹ̀ kọjá, ń mú fáírọ́ọ̀sì kúrò pẹ̀lú; omi tẹ́ ẹ máa rí lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Ó dára fún ẹni tó ń rìnrìn àjò kiri ìlú. Níbí, ẹrẹ̀ á mú kí títẹ̀ náà le, káátíríìjì rẹ̀, ìyẹn asẹ́ inú rẹ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀, á sì tètè kú. Mi ò ní rà á. MSR Guardian ni pọ́ǹpù tó lágbára jù nínú gbogbo wọn: bó ṣe ń fa omi ló ń fọ ara rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn ìdajì kìlógíráàmù, owó rẹ̀ sì ju 300 dọ́là lọ. Iná UV, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò inú omi? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í la ẹrẹ̀ kọjá.

Hóró oògùn klórínì dáyọ́sáìdì kò wúwo rárá, ẹ fi pa mọ́ sápò bó ti wù kó rí. Ó ń pa fáírọ́ọ̀sì tí Sawyer ń jẹ́ kó kọjá, àmọ́ kòkòrò Cryptosporidium máa ń gbà á ní wákàtí 4, ẹrẹ̀ sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Sísè omi fún ìṣẹ́jú kan tó ní gíga ibẹ̀. Gáàsì ni kẹ́ ẹ rù dání, torí wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dáná igi nínú Paria.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà kò sí nínú gbogbo èyí: korobá aláṣọ tó ṣeé ká, àti álọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni, álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jù sínú omi kànga nílé wa. Àwọn tó ń tukọ̀ gba Grand Canyon kọjá náà ń lò ó. Ẹ pọn omi nírọ̀lẹ́, ẹ fi ìka méjì bu álọ́ọ̀mù lílọ̀ sí i, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á ti wà nísàlẹ̀. Ẹ rọra da òkè rẹ̀ gba inú Sawyer. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí ní sùpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà.

Fún ẹnì kan tàbí méjì, korobá, álọ́ọ̀mù, Sawyer kan àti hóró oògùn ti tó, owó á sì ṣẹ́ kù. Tẹ́ ẹ bá pé mẹ́wàá, tí í ṣe iye tó pọ̀ jù tí wọ́n ń gbà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ dáwó jọ ra Guardian, kẹ́ ẹ sì pín ẹrù rẹ̀ rù lọ́jọ́ọjọ́. Ẹni tó ń dá lọ tó sì rà á, kó wá ẹni tó máa yá a lẹ́yìn ìrìn náà.